Ohùn Ìyá, Ohùn Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Síkáànù Aboyún

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi àjọ̀dún, ní Aké, Abẹ́òkúta)

Ìṣirò owó lẹ mọ̀ mí mọ̀. Lónìí, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ ìlera, síkáànù aboyún ni mo mú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní ọdún 2017, mo sin ìyàwó ọmọ mi lọ ṣe síkáànù. Ọmọbìnrin méjì ló ti bí. Bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, èmi ni mo yára bèèrè pé, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Wọ́n ní obìnrin ni. Mi ò bèèrè bóyá ọkàn ọmọ ń lù dáadáa. Mo dákẹ́ títí a fi délé. Ìyàwó mi sunkún mọ́jú.

Ẹ gbọ́ o, ẹni yẹn kò yẹ kó dá mi lóhùn. Òfin Ìlera ilẹ̀ wa ti ọdún 2014 ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ ara aláìsàn. Wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i nínú ìwé, àfi nígbà mélòó kan, irú bí ìgbà tí òfin tàbí ilé ẹjọ́ bá ní kí wọ́n sọ ọ́. Ìyá ọkọ kì í ṣe òfin. Òfin yìí náà ló ní kí wọ́n ṣàlàyé fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ṣe rí, ní èdè tó yé e níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n kò sí òfin ní Nàìjíríà tó ní kí wọ́n má sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ló wà nínú oyún. Ní Íńdíà, ó wà. Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ ló ń ṣẹ́ oyún tí wọ́n bá ti gbọ́ pé obìnrin ni. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní ọdún 2001, ọmọbìnrin 927 péré ni wọ́n rí fún ọmọkùnrin 1,000 láàrin àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje.

Ọdún 1994 ni wọ́n ṣe òfin náà, wọ́n tún mú un le sí i ní 2003. Ilé síkáànù gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kó sì gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ síbi tí ojú ti tó o. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára pátákó, ní èdè ìbílẹ̀ pẹ̀lú, pé àwọn kì í sọ bóyá ako tàbí abo. Fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni fún aboyún kọ̀ọ̀kan, ìròyìn sì ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba lóṣooṣù. Dọ́kítà kò gbọdọ̀ fẹnu sọ ọ́, kò gbọdọ̀ fọwọ́ júwe rẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 3. Ní 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní ẹni tí kò kọ fọ́ọ̀mù dáadáa náà ti rú òfin.

Èyí tó gún mi lọ́kàn jù ni pé òfin yẹn gbà pé ọkọ tàbí ẹbí ló fipá mú aboyún lọ ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, àfi tí ẹ̀rí bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí! Èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ara ọkùnrin ni ohun tó ń sọ ọmọ di ako tàbí abo ti ń wá. Ẹ má fi í dá ìyàwó yín lẹ́bi. Tí ẹ bá sin ín lọ, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ bèèrè: ṣé ọkàn ọmọ ń lù? Ṣé ibi ọmọ kò dí ọ̀nà? Báwo lọmọ ṣe dùbúlẹ̀? Oyún ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó?

Mo ti bẹ ìyàwó mi, òun ló sì ní kí n sọ ọ́ fún yín. Ọmọ tí mo tìtorí rẹ̀ dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn ló ń bá mi ká àdìrẹ ní ìrọ̀lẹ́ báyìí.

Kí làwọn ìyá wa máa ń wí fún aboyún? "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Wọn kò ní ohùn ọkùnrin, wọn kò ní ohùn obìnrin. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká máa gbọ́ méjèèjì.