Ọwọ́ Tó Ń Wá Ẹ̀yìn Ọmọ: Ohun Tó Ń Fa Akẹ́kọ̀ọ́ Agbẹ̀bí Sẹ́yìn



Bí akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí bá gbòdo, àwa olùkọ́ á ní orí rẹ̀ ò gbàwé. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì jẹ̀bi. Kí ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ní Nàìjíríà tó gba ọmọ wọlé, ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, físíìsì àti kẹ́mísìrì wà níbẹ̀. Olódo kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Mo bi ọmọbìnrin kan ní kíláàsì pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ọkàn ọlẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Kíá ló dáhùn: 110 sí 160. Lọ́jọ́ kejì, mo fún un ní Pinard, fèrè tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọlẹ̀. Ìdodo aboyún gan-an ló gbé e lé, ó ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó ń kà á fún ọmọ. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú wá ẹ̀yìn ọmọ rí. Mo gbé ọwọ́ mi lé tirẹ̀, a jọ ń tẹ ikùn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí a fi kan ibi tó le, tó tẹ́ gbọọrọ. Ó gbé fèrè síbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ wo partograph, ìwé tí a fi ń tọpa ìrọbí. Lórí èyí tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ṣẹ́, láti ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ti ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 4 ni ìlà ìkìlọ̀ ti ń gòkè, sẹ̀ǹtímítà 1 ní wákàtí kan. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n sórí. Kí ló wá ń bá ní wọ́ọ̀dù? Nọ́ọ̀sì kan, aboyún mẹ́fà tó ń rọbí. Wọ́n á ti gbẹ̀bí tán kí ẹnikẹ́ni tó ráyè mú bírò. Wọ́n á wá fa ìlà ìrọbí náà lẹ́yìn ìgbẹ̀bí, gbogbo rẹ̀ á gún régé. Irọ́ la fi ń kọ́ ọmọ yẹn. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n á gbé ìrọbí tó ti kọjá ìlà ìkìlọ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n á ní kí ló máa ṣe. Kò rí irú rẹ̀ rí.

Ìwádìí ìjọba ti 2018 sọ pé nínú ọmọ 100,000 tí a bí láàyè nílẹ̀ wa, ìyá 512 ló ń bá oyún àti ìbímọ lọ. Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ máa bọ́ sí lọ́la; ìdí nìyẹn tí máàkì wọn fi ń dùn mí.

Oorun ńkọ́? Ọmọ tó ṣiṣẹ́ mọ́jú, tó nu ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, la ní kó wà ní kíláàsì ní aago mẹ́jọ. Bó bá sùn lórí tábìlì, a ó lé e síta. Ti owó àti ebi, ẹ̀yin òbí mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fún kò pọ̀: kí olùkọ́ máa bá akẹ́kọ̀ọ́ wọ wọ́ọ̀dù, kó sì dúró tì í, kí ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú lọ sùn. Kíláàsì aago mẹ́jọ lè di aago méjì ọ̀sán. Mo ti ń ṣe é ní tèmi.