Kí Ẹnu Tó Sọ̀rọ̀: Yoga àti Ìmọra-ẹni fún Ará Ìsàlẹ̀ Èkó

Ohun kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi hàn: inú ara ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu. Ẹni tí ó bá ń kíyè sí ara rẹ̀ ni yóò lè kápá ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa ti dọ̀bálẹ̀ tàbí kó ti kúnlẹ̀ kí "ẹ káàárọ̀" tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Èkó kì í fún ènìyàn láyè. Láti Ìdúmọ̀tà dé Balógun, ọlọ́jà ń polówó, kọ̀ńdọ́ ń pe èrò, aláàárù ń ké "Ẹ yàgò lọ́nà!", họ́ọ̀nù ń dún. Bí oníbàárà bá dá ọjà ní ìdákúdàá, àyà ọlọ́jà á máa lù kìkì, èémí rẹ̀ á kúrú, èjìká rẹ̀ á le. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ kí èébú àkọ́kọ́ tó jáde. Bí ó bá fura sí àmì wọ̀nyí lásìkò, ó ṣì lè sọ pé, "Ẹ má bínú, owó yẹn kò kó iye tí mo rà á."

Ìfura yìí ni yoga ń kọ́ni. Ilẹ̀ Íńdíà ló ti ṣẹ̀. Ènìyàn á na ara, á tẹ̀ ẹ́, á dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì máa fọkàn bá èémí rẹ̀ lọ bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún un. Ní 2016, UNESCO fi í sínú àkójọ àjogúnbá àṣà tí Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà nínú rẹ̀ láti 2008.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀sìn mìíràn ni. Òótọ́ ni pé ẹ̀kọ́ yoga bá ẹ̀sìn Híńdù tan, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ní èémí. Ní ọdún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn oníṣègùn BMJ. Wọ́n ní kí ènìyàn 23 tí ara wọn le gba àdúrà rósárì ní èdè Látìn, kí wọ́n sì tún ka ọ̀rọ̀ àwọn oníyoga ní àkàtúnkà. Méjèèjì ló mú èémí wọn wálẹ̀ sí nǹkan bí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ a máa mí ní ìgbà 12 sí 20. Ara àwọn ènìyàn 23 náà sì túbọ̀ ń ṣàkóso ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ dáadáa.

Ohun èlò fún ìmọra-ẹni yìí ti wà nílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Ẹni tó ń tẹ̀ba, tó ń forí kanlẹ̀ ní Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, tàbí ẹni tó ń ka rósárì ní Kàtídírà Holy Cross, ti mọ bí ara àti èémí ṣe ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́. Kí ó mú ìmọ̀ náà dé ìdí ọjà àti inú ilé ló kù.

Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Kí ènìyàn jókòó, kí ẹ̀yìn nà. Kí ó mí sínú bí ó ti ń ka ení dé ẹ̀rin, kí ó mí síta bí ó ti ń ka ení dé ẹ̀fà. Aláboyún àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn gbọ́dọ̀ bi dókítà kí wọ́n tó máa tẹ ara. Yoga kò sì gba ipò ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ilé ìwòsàn Yábà ti wà fún ìyẹn láti 1907.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ fún èémí kí ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ ṣe bákan náà níbi ìpàdé ọjà, pàápàá ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ parí ìjà.