A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí mo bá wá yẹ ìwé owó yín wò, ẹ a ní: "Ọ̀gá, ẹ bá wa yí òfin yìí padà." N kò lè yí i. Iṣẹ́ tèmi ni kí ẹ tẹ̀ lé e. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ka àbá òfin. Lẹ́yìn kíkà kejì, ìgbìmọ̀ kékeré a yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a sì lè pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn. Ìgbà yẹn gan-an ni tiwa. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé: abala wo ni kò tẹ́ wa lọ́rùn, kí la fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀? Kí ẹ fi ẹ̀dà kan lé aṣòfin àdúgbò yín lọ́wọ́.

Tó bá ti dé iwájú gómìnà, 30 ọjọ́ péré ló ní láti fọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ nígbà náà. Orí wa ni wọ́n fẹ́ fá. Ẹ jẹ́ kí á wà níbẹ̀.