Ọ̀SẸ̀ KAN LÁTI MOWÉ DÉ IFỌ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpéjọ ọdọọdún)

  Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìròyìn. Mo ti kọ ọ́, ó wà nínú báàgì mi níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nílé mi nígbà hólídè tó kọjá, òun ni mo fẹ́ sọ. Ẹ forí jì mí.

Wọ́n fún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kí ó kọ nípa ìlú rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé Mowé ni ìlú òun, pé ojú ọ̀nà ẹspirẹ́ẹ̀sì ló wà, pé gósílóò pọ̀ níbẹ̀, pé dádì òun máa ń pẹ́ kí ó tó wọlé. Ó parí. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú, èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dòru ni mo kó àwọn ìwé ìròyìn tí mo ti kọ nǹkan sí jáde. Gbogbo ohun tí mo ti kọ nípa Mowé àti Ìbafo láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní pólì: táńkà ṣubú, bọ́ọ̀sì forí sọ tírélà, wọ́n tún ń tún ọ̀nà ṣe. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀dọ̀ mi lọmọ ti kọ́ ọ.

Màmá mi sì wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Ó tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fojú kan Ifọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, níbi tí wọ́n ti dàgbà. Èmi á ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n ráyè." Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ mọ bí "ẹ jẹ́ kí n ráyè" ṣe ń di ọdún mẹ́ta. Mo gba lífù ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó mi ti ṣọ́ọ̀bù pa. A ní a ò ní rìnrìn àjò lọ síbi tó jìn, àyíká ilé wa náà la fẹ́ jẹ̀gbádùn.

Ọjọ́ Ajé, Ọ̀fadà. Ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ ń ná owó gidi lórí ìrẹsì Ọ̀fadà níbi ìnáwó, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ìlú ni Ọ̀fadà? Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwòdé kan náà ni pẹ̀lú Mowé àti Ìbafo, kẹ̀kẹ́ márúwá ló gbé wa débẹ̀. Àwọn ọmọ mi rò pé inú àpò ni ìrẹsì ti ń wá. Wọ́n rí i bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó bọ̀ ọ́, kí wọ́n tó sá a sóòrùn, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ. Rírẹ yẹn ló ń fún un ní òórùn tí àwọn kan ń bú. Lẹ́yìn náà ni fífẹ́ àti ṣíṣa òkúta. Màmá mi gba atẹ lọ́wọ́ obìnrin kan, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ ṣà. Ọmọ mi jókòó tì wọ́n, kò béèrè fóònù fún bíi wákàtí kan gbáko. Wọ́n bu ìrẹsì náà fún wa sínú ewé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata aláwọ̀ ewé tó kún fún irú, pọ̀nmọ́ àti ẹyin. N ò ní sọ iye ewé tí mo tú.

Òjò ò jẹ́ ká jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́rú la lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Agége, Abẹ́òkúta là ń lọ. Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe. Màmá mi ti wọ ìró àti bùbá tuntun, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n rò pé a ó sọ̀ ní Ifọ̀. Ojú irin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó là láti Èkó, tó dé Ìbàdàn ní 1901, Ifọ̀ wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, Àgbádó, Kájọlà àti Papalantó ni ibùdókọ̀ rẹ̀ lápá ibí yìí. Kò sí Ifọ̀. Mo mọ̀, n ò sọ. Wọ́n ń wo ojú fèrèsé títí. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ Abẹ́òkúta, wọ́n kàn ní, "A ti kọjá rẹ̀ nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjà adìrẹ ní Ìtòkú ló tún tú wọn nínú díẹ̀. Obìnrin kan tú aṣọ fún wa: adìrẹ oníko tí wọ́n ń so pẹ̀lú ìko, ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ó ní ká ṣọ́ra, pé èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun pọ̀ nínú ọjà báyìí. Ó ní ká yí aṣọ náà padà: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun, tí ojú rẹ̀ ń dán, ká gbé e sílẹ̀. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí aṣọ gbogbo ènìyàn padà lọ́jà, àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. Àwọn ọmọ gun Olúmọ, èmi náà gùn ún, mo mí bí ẹṣin. Màmá jókòó sísàlẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì a wo fíìmù Ayinla tí Túndé Kèlání ṣe ní 2021, ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá àpàlà tí wọ́n pa ní 1980. Orin kan bẹ̀rẹ̀, àfi bí Màmá ṣe dìde. Àwọn tí orúnkún ń dùn! Àwọn ọmọ lanu sílẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ìyá àgbà ti ṣe ọmọge rí.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé wọn lọ sí Ifọ̀ gan-an. Lórí máàpù kò jìnnà sí Mowé, ṣùgbọ́n Bẹ́gà, Agége, Sángo Ọ̀tà la gbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo òwúrọ̀ wa. A rìn dé ẹ̀bá ojú irin àtijọ́. Màmá nawọ́ síbi tí ọ̀nà ti ń yà: ẹni tó bá ń lọ sí Ìláròó àti Ìdogo, Ifọ̀ ló ti ń sọ̀, kó wọ òmíràn. (Ìdogo yẹn ni wọ́n ti bí Ebenezer Obey ní 1942, ẹ̀yin onífàájì.) Nígbà tí àwọn èrò bá ń dúró de ọkọ̀, àwọn ọmọbìnrin á máa gbé ẹ̀kọ àti àkàrà sáré káàkiri ojú fèrèsé. Ìyá mi wà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kí owó náírà tó dé ní 1973.

"Èló ni ẹ ń tà á, Mọ́mì àgbà?"

"Ẹ̀kọ méjì, kọ́bọ̀ kan." Wọ́n ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan ra ẹ̀kọ àti àkàrà tọ́rọ́ kan, ọkọ̀ sì gbéra kó tó sanwó. Àwọn sáré tẹ̀ lé e, àwọn ń ké. Ọkùnrin náà ju tọ́rọ́ náà láti ojú fèrèsé, ó bọ́ sáàárín òkúta. Àwọn wá a títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn ò rí i. Nílé, wọ́n na àwọn.

Ọmọ mi wo ilẹ̀. Ó gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ fún mi, ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òkúta. Mo fẹ́ sọ fún un pé ó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

"Fi í sílẹ̀," ni màmá mi wí fún mi. Wọ́n wá kọjú sí ọmọ náà. "Sún sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀."