Ẹyin Búlúù àti Adìẹ Tí Ó Wà Lẹ́yìnkùlé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù wa ní Ṣágámù)

  

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa lónìí. Ní ọdún 2022, àwa mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́ yìí dá ₦6,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. A fi ra òròmọdìẹ méjìdínlógún, ₦3,000 ni ọ̀kan. Ọkùnrin tó kó wọn wá ní ẹyin búlúù ni wọn yóò máa yé, pé àwọn olówó Èkó ń wá a kiri. Ó fi ẹyin mẹ́ta hàn wá, ó rí bí aṣọ àyìnrín, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ká fọ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, méje ló kù tó ń yé. Ẹyin wo ni wọ́n yé? Ẹyin pupa, irú èyí tó kún orí àtẹ wa. Fóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́. Àwa tí à ń kọ ìwé ẹgbẹ́ gan-an wà lára àwọn mẹ́sàn-án náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá wádìí, nígbà tó yẹ ká ti kọ́kọ́ wádìí. Adìẹ tí ń yé ẹyin búlúù wà lóòótọ́. Lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Mapuche ní ilẹ̀ Chile, ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Araucana ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣàlàyé ohun tó fà á: fáírọ́ọ̀sì kan ló wọ ara ìran adìẹ náà láyé àtijọ́, tó sì di ohun àjogúnbá. Kì í ṣe àrùn, kò sì ṣe ẹni tó bá jẹ ẹyin náà ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò ṣara lóore ju ẹyin pupa lọ. Àwọ̀ lásán ni.

Ẹ fi ohun méjì yìí sọ́kàn.

Èkíní: ẹ fọ́ ẹyin kí ẹ tó sanwó. Ẹyin pupa, ìta èèpo ni àwọ̀ rẹ̀ wà, inú èèpo funfun ni. Ti búlúù tòótọ́, àwọ̀ náà já sínú. Ẹ bó awọ fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ wò ó. Bí inú bá funfun, ọwọ́ ènìyàn ló pa á láró.

Èkejì: ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àkùkọ kì í yé ẹyin, ṣùgbọ́n òun náà lè gbé àwọ̀ yìí fún ọmọ. Bó bá jẹ́ pé ìyá nìkan ló ní in, tó sì jẹ́ pé ọ̀nà kan ló ti jogún rẹ̀, bí ìdajì ọmọ ni yóò rí i gbà. Bí wọ́n bá sì gùn mọ́ irú tí ń yé ẹyin pupa, àwọ̀ ewé ni ẹyin ọmọ lè ní. Nítorí náà, ẹ béèrè ìyá àti bàbá.

Ṣé ẹ wá rí i, adìẹ tó ṣọ̀wọ́n wà lẹ́yìnkùlé tiwa. Níbo ni òpìpí wà, tí ìyẹ́ rẹ̀ kì í kún apá? Níbo ni abọ́lọ́rùn wà, tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ooru kì í tètè mú? Níbo ni èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká padà sẹ́yìn wà? Àwọn tí ń ṣe oògùn ń wá wọn, a mọ iye tí wọ́n ń san. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti dé, à ń tà á, tìyá tọmọ. A kì í fi irú sílẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò fojú tẹ́ńbẹ́lú adìẹ wa. Ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, FUNAAB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí adìẹ ìbílẹ̀. Inú iṣẹ́ náà ni FUNAAB Alpha ti jáde, tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2018. Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa.

Ohun tí a fẹ́ kí a ṣe nìyí. Kí ẹni márùn-ún kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù ní àkùkọ kan àti àgbébọ̀ mẹ́rin, abọ́lọ́rùn tàbí òpìpí. Kí wọ́n má ta àwọn wọ̀nyí. Ọmọ ni kí wọ́n máa tà. Kí ará Ìkẹ́nnẹ́ àti ará Ṣágámù máa pààrọ̀ àkùkọ, kí adìẹ má baà gun ọmọ ìyá rẹ̀. Bí adìẹ bá sàba, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ pe dókítà ẹran fún abẹ́rẹ́ àjẹsára Newcastle, nítorí àrùn yẹn lè gbá ọgbà adìẹ mọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹni tó bá sì tún gbé adìẹ àrà wá, ẹ má fi owó èésú sí i kí ẹgbẹ́ tó rí i, kí ẹgbẹ́ sì tó fọ́ ẹyin rẹ̀ wò. Ẹyin kan péré ni à bá fọ́ nígbà náà, ₦54,000 ì bá wà lápò wa.