Bí Ìjì Bá Ń Bọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Alùpùpù Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹbí sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní London)

 

Ó lè ya yín lẹ́nu pé àwa nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa alùpùpù. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wa kan ń fi í gbé oúnjẹ kiri ní ìlú yìí. Òun ni ṣọ́ọ̀bù wọn, òun ni owó ilé wọn. Ìta ló sì ń sùn. Bí ìjì bá ń jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkàn ọmọ yóò wà, ibẹ̀ sì ni ewu wà.

Ẹ rántí ìjì Eunice, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2022. Ní Needles, ní erékùṣù Isle of Wight, atẹ́gùn sáré dé máìlì 122 ní wákàtí kan. Ní London níhìn-ín, ó fa aṣọ òrùlé gbọ̀ngàn O2 ya, igi sì wó lu ọkọ̀, ó pa obìnrin kan. Lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gbọ́ tí alùpùpù rẹ̀ ṣubú. Ó sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Bí ó ti ń gbé e dìde ni atẹ́gùn tún tì í lù ú, egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni kò fi ṣiṣẹ́. Díńgí kan ṣoṣo ló fọ́ lára alùpùpù náà.

Nítorí náà, kí ìjì tó dé ni kí á ti ṣe ohun tí a ó ṣe. Met Office máa ń kìlọ̀ ṣáájú, pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́ta: ìyeyè, àwọ̀ ọsàn, àti pupa tó burú jù. Pupa ni wọ́n kéde fún London lọ́jọ́ Eunice.

Bí ẹ bá ti gbọ́ ìkìlọ̀, ẹ gbé alùpùpù kúrò lábẹ́ igi àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà onípákó. Ẹ wá ògiri líle tí yóò dí atẹ́gùn. Ẹ fi sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ gbé e dúró lórí ilẹ̀ líle. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ fi pákó sábẹ́ sítáǹdì. Ọwọ́ òsì ni ó máa ń fì sí, nítorí náà ẹ gbé e kí atẹ́gùn lè ti ọwọ́ ọ̀tún wá, kí ó máa tì í mọ́ sítáǹdì. Bí ó bá ní jíà, ẹ fi sí jíà kìíní kí ó má baà yí. Ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ irin tí a rì mọ́lẹ̀.

Ẹ tú àpótí oúnjẹ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìbora rẹ̀ kò bá fún mọ́ ọn pinpin, ẹ ká a kúrò. Ìbora tó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ ni yóò fa alùpùpù ṣubú. Ẹ sá ti rí ohun tí atẹ́gùn fi aṣọ òrùlé O2 ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Epo wà nínú rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni gbogbo ará ilé yóò gbà sá bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Bí ìjì bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ṣubú, ẹ jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá wáyà iná já sílẹ̀. Bí ó bá já, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ pe 105. Ẹ ya fọ́tò nítorí inṣọ́ránsì, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èyí tí wọ́n ń pè ní third party kì í san owó ohun tí ìjì bá bàjẹ́ lára alùpùpù yín. Bí epo bá ń rùn, ẹ má ṣáná sí i. Ẹni méjì ni kí ó gbé e: ẹ tẹ orúnkún, kí ẹ̀yìn yín nà, kí ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ yẹ bíréèkì àti táyà wò kí ẹ tó gùn ún. Bí omi bá wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ má ṣáná sí i, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fóònù sí ọmọ yín lálẹ́ ìjì. Ẹ má bi í pé, "Alùpùpù ńkọ́?" Ẹ sọ fún un pé kí ó jókòó sílé, kí ó má sì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ ìkìlọ̀ pupa. Bí owó rẹ̀ bá dínkù lọ́sẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí ẹbí dá sí i. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ.