Kí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tó Kú: Àsọyé Lórí Kíkó Iṣẹ́ Inú Rẹ̀ Dé Inú Ẹ̀rọ Titun

Bóyá ẹnu yóò ya àwọn mìíràn nínú yín pé ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí èdè àti àṣà Yorùbá jókòó láti gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù gbọ́ wa. Inú kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn baba wa wà nísinsìnyí, bí ẹ̀rọ náà bá sì kú kí a tó kó ẹrù inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọdún 1993 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ra kọ̀ǹpútà kan, pẹ̀lú ètò ìkọ̀wé tí ó lè tẹ lẹ́tà Yorùbá pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà títí di ọdún 2004, nígbàkígbà tí ìsinmi bá dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa lọ sí ìlú àti abúlé wọn, wọn a sì máa bi àwọn àgbà léèrè orúkọ ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́: ti alágbẹ̀dẹ, ti ahunṣọ, ti amọ̀kòkò, ti aláró. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni a ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, tí a sì ń tọ́jú sórí dískì pẹlẹbẹ, títí dískì náà fi di 40. Nígbà tí ẹ̀rọ titun dé, a gbé ti àtijọ́ sí igun yàrá, a fi aṣọ bò ó, a sì wí nínú ọkàn wa pé ohun tí a ti kọ sílẹ̀ kò lè sọnù mọ́.

Àṣìṣe ńlá ni èyí jẹ́. Nígbà tí a padà sí i ní ọdún 2019, 11 nínú dískì 40 náà kò ṣeé kà mọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn aláró, gbogbo rẹ̀ pátá, wà lára àwọn tí ó bàjẹ́. Ìyá àgbà tí ó sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn fún wa ti re ibi àgbà ń rè. A kò rí ẹni tí a óò tún bi. A kò lè di ẹ̀bi yìí ru ẹlòmíràn, tiwa ni.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ṣe. Ní ọdún 1086, Ọba William tí ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú kí a kọ ilẹ̀ àti ohun ìní ìjọba rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Domesday Book. Awọ ẹran ni a kọ ọ́ sí. Ó wà ní Kew, ní London, títí di òní, ẹni tí ó bá sì gbọ́ èdè Látìn lè kà á. Nígbà tí ó pé 900 ọdún, ní 1986, ilé-iṣẹ́ BBC gbé irú rẹ̀ titun jáde. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó lọ́wọ́ sí i, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé tí ó kọ̀wé nípa àdúgbò wọn. Orí àwo ńlá méjì tí a ń fi ìmọ́lẹ̀ kà ni a kó gbogbo rẹ̀ sí, ẹni tí yóò kà á sì gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà Acorn àti ẹ̀rọ Philips tí a ṣe fún irú àwo bẹ́ẹ̀. Kí ó tó pé ogún ọdún, ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ìwé ọdún 1086 ń sọ̀rọ̀. Ti ọdún 1986 ti fẹ́rẹ̀ yadi. Ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Leeds àti ti Michigan ṣe iṣẹ́ tí a pè ní CAMiLEON ni ó tó tún lahùn nínú kọ̀ǹpútà titun, ní ọdún 2002.

Ọgbọ́n wo ni wọ́n dá? Wọ́n kọ ètò kan tí ó ń mú kí kọ̀ǹpútà titun máa ṣe gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Emulator ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é; ní ìjókòó yìí àwa yóò pè é ní afarawé. Ẹ wò ó bí ògbufọ̀ tí ó dúró láàrin àlejò àti ọba. Ètò àtijọ́ kò gbọ́ ju èdè ẹ̀rọ àtijọ́ lọ. Ẹ̀rọ titun kò sì gbọ́ èdè náà rárá. Afarawé dúró láàrin wọn, ó ń gba àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ó ń túmọ̀ rẹ̀, ètò àtijọ́ kò sì mọ̀ pé òun ti kúrò nílé òun. Fún irú kọ̀ǹpútà tiwa, afarawé kan wà tí a ń pè ní DOSBox, tí a ti ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2002.

Ẹnìkan lè béèrè pé, èé ṣe tí a kò kàn da ọ̀rọ̀ náà kọ sórí ẹ̀rọ titun kí a sì sinmi? A gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò ọdún wọnnì kò ní àyè fún ẹ, ọ àti ṣ. Ńṣe ni ó yá àyè àwọn àmì mìíràn fún wọn. Nígbà tí a ṣí ìwé náà níbòmíràn, àmì àjèjì ni ó kún ojú ẹ̀rọ, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá ọkọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ tàbí ọkọ̀. Inú ètò tí a fi kọ ọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn bí ó ti yẹ. Ìdí rèé tí a fi ní láti kó ètò pẹ̀lú ìwé.

Bí a ti ṣe é nìyí. A kọ́kọ́ ṣí ikùn ẹ̀rọ náà, a sì yọ bátìrì kékeré inú rẹ̀, nítorí omi bátìrì ogbó a máa jò, a sì máa jẹ ẹ̀rọ run. Lẹ́yìn èyí a ṣí ihò ààbò tí ó wà ní igun dískì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ má baà kọ ohunkóhun lé orí rẹ̀. A wá ṣe ẹ̀dà pípé dískì kọ̀ọ̀kan, a kó o sórí ẹ̀rọ titun, a sì fi dískì gan-an pamọ́. Láti ìgbà náà, orí ẹ̀dà nìkan ni a ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ètò náà sínú afarawé, ó kọ̀ láti ṣí. Ó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ti dé, ẹ̀yin ìjòyè sì mọ̀ ọ́n ju wa lọ. Ẹni tí ó ra ètò kọ̀ǹpútà kò ra ètò gan-an. Àṣẹ ìlò ni ó rà. Ó dàbí ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ó lè gbin iṣu àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó láìgbàṣẹ, kò sì lè gbé ilẹ̀ fún ẹlòmíràn láìbi onílẹ̀. Síbẹ̀, tirẹ̀ ni iṣu tí ó gbìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ètò náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sínú rẹ̀ sì jẹ́ tiwa. Ìṣòro wa ni pé iṣu wa wà nínú oko tí ẹlòmíràn ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún wa ní 1993, ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tí a ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ni a ń kì í bọ̀. Kọ̀ǹpútà titun wa kò sì ní irú ihò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó máa ń burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí onílẹ̀ bá kú. Ilé-iṣẹ́ DEC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà VAX jáde ní 1977, pẹ̀lú ètò VMS, tí ó wá ń béèrè nọ́ńbà àṣẹ lẹ́yìn náà kí ó tó jẹ́ kí a lò ó. Compaq ra DEC ní 1998. HP gba Compaq ní 2002. Ní 2014, HP fún ilé-iṣẹ́ VMS Software ní àṣẹ láti máa bá ètò náà lọ. Lónìí afarawé SIMH lè ṣe bí VAX, ṣùgbọ́n inú afarawé pàápàá, VMS ṣì ń béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ DEC ní láti mọ ọmọ-ọmọ tí ogún kàn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wádìí ẹbí kí a tó san owó ilẹ̀.

Ní tiwa, a kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí ogún ètò wa kàn. Wọ́n dáhùn pé kí a ra èyí titun, bẹ́ẹ̀ ni èyí titun kò sì lè ka ti àtijọ́. Akápò wa tí ó ti fẹ̀yìntì ni ó gbà wá: ó tọ́jú rìsíìtì ọdún 1993 sínú agolo bisikíìtì nílé rẹ̀. Nígbà tí a fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n fún wa ní nọ́ńbà tí ó ń ṣí ètò náà láìsí kọ́kọ́rọ́, pẹ̀lú ìwé pé a lè lò ó nínú afarawé lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Bébà pélébé kan ni ó ṣílẹ̀kùn tí gbogbo ọgbọ́n wa kò lè ṣí.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa wí pé kí a fi agbára já ìlẹ̀kùn. A kò bá wọn lọ sí i. Òdodo ni pé ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2003, ìjọba yọ̀ǹda kí a yẹra fún irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti bàjẹ́ tí kò sì sí òmíràn lọ́jà. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 lórí ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́ ọpọlọ kọ̀ fún ènìyàn láti já àgádágodo tí a fi dáàbò bo iṣẹ́. Kí ẹni tí ó bá kan bi agbẹjọ́rò léèrè. Ẹgbẹ́ tí ń bẹ ayé pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ohun ìní Yorùbá kò gbọdọ̀ tẹ ohun ìní ẹlòmíràn mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ètò náà ṣí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa méjì jókòó tì í. Wọ́n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, àmì àjèjì wo ni ó dúró fún lẹ́tà wo, wọ́n sì yí gbogbo rẹ̀ sí Unicode, ìlànà tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1991, tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan náà nínú gbogbo ẹ̀rọ. Wọ́n ka ìlà kọ̀ọ̀kan sí ti ojú afarawé. Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ àti amọ̀kòkò ti dé ilé ní àlàáfíà. Àyè ti aláró ṣì ṣófo.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí yín kò pọ̀. Ní ààfin, ní ilé ìjọsìn, ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ẹ lọ wo igun yàrá. Bí kọ̀ǹpútà kan bá wà lábẹ́ aṣọ, ẹ wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kí ó ṣe ẹ̀dà inú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń jí. Ẹ fi rìsíìtì àti ìwé àṣẹ sí ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Ẹ má ṣe fi ẹ̀dà sí ojú kan ṣoṣo, kí ẹ sì tẹ èyí tí ó ṣe kókó sórí bébà. Ẹ má sì rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ń kó ẹrù: iṣẹ́ BBC náà, tí a tún gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2011, a ti ibẹ̀ pa ní 2018, ilé ìtọ́jú ìwé ìjọba ilẹ̀ náà ni ó sì ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ nísinsìnyí.

Àwọn baba wa wí pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé kí ìyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣubú ni ọmọ rẹ̀ ti ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a pẹ́ jù.